Kíláàsì Ìkọ̀wé Tí A Ò Ti Kọ Nǹkan Kan

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo wa ṣì rántí títí dòní. Wọ́n gbé ìpínrọ̀ kan sójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní èwo nínú gbólóhùn mẹ́rin yìí ló gbé kókó ọ̀rọ̀ náà dání: A, B, C, tàbí D. Ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ B. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà tẹ B, torí pé ó yọjú wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Máàkì kan náà ni kọ̀ǹpútà fún àwọn méjèèjì. Báyìí la ṣe yege nínú kóòsì tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ yunifásítì bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Inú wa dùn sí èsì náà nígbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin sáà, a ò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Ẹ dákun, ẹ tún un kà. Kóòsì ìkọ̀wé ni o. A ò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo.

Àwa tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, mẹ́rin ni wá. A jọ ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlọrin níbí. A ò ní dárúkọ ẹ̀, torí ohun tó ṣe wá níbẹ̀ ń ṣe àwọn ọmọ tó wà níbòmíràn náà, kò sì sí ìdí tí a ó fi pe ẹnì kan lólè láàárín àwọn olè. A ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, a sì jọ ń kọ sọ́fíwíà fún ẹni tó bá lè sanwó, nínú ọ́fíìsì kékeré kan ní Tanke tí jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń pariwo ju àwa tó ni ín lọ. Ẹ má rò pé a fẹ́ ráhùn pé wọn ò kọ́ wa ní Gẹ̀ẹ́sì tó. Wọ́n kọ́ wa. Ohun tí à ń bá wọn jà sí ni pé wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò ìkọ̀wé, wọ́n wá ní ká dúpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká tọ ìtàn ẹ̀ díẹ̀, torí kóòsì yìí kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Nígbà tí wọ́n dá Yunifásítì Nàìjíríà sílẹ̀ ní Nsukka ní 1960, Michigan State University láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó bá wọn gbé e dìde. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní General Studies ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹ̀kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà nínú ẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ìlànà Lọ́ńdọ̀nù ni ó ń tẹ̀lé ní tirẹ̀. Lónìí, àjọ NUC ti sọ kóòsì náà di GST 111 nínú ìlànà tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 2022. Dandan ni fún gbogbo ọmọ ọdún kìíní, yálà ó fẹ́ di dókítà ni o, àbí ó fẹ́ lọ máa sin ẹja.

Ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ti gbé e wá ńkọ́? Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni Harvard ti ń mú ọmọ ọdún kìíní kọ àròkọ, tí olùkọ́ ń kà á, tí ó ń dá a padà. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ìkọ̀wé wọn, CCCC, sọ ọ́ láìfọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé kíláàsì ìkọ̀wé kò gbọdọ̀ ju 20 ènìyàn lọ, pé 15 ló dáa jù. A ò ní gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọn ló ń pa á mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ibi tí nǹkan ti wá, wọ́n mọ̀ pé a kì í fi gbohùngbohùn kọ́ ènìyàn ní ìkọ̀wé. Àwa gbé orúkọ ọbẹ̀ wọ̀lú, a gbàgbé ọbẹ̀ sọ́hùn-ún.

Tiwa, gbọ̀ngàn ńlá ni. Ọjọ́ tí kíláàsì yẹn bá wà, ẹ ó rò pé ọjọ́ ọjà Ìpàtà ni. Ẹni tó bá dé ní aago méje àárọ̀ ló ń rí àga, àwọn tó kù á dúró sójú fèrèsé, wọ́n á máa bi ara wọn pé, "Kí ló sọ?" Olùkọ́ wa kì í ṣe ènìyàn burúkú. A rí i bó ṣe ń làágùn. Ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni ìwé tí àwa náà rà, ó ń kà á sí wa létí: oríṣìí ìpínrọ̀ mẹ́rin ló wà, oríṣìí àròkọ mẹ́rin ló wà, àmì ìdánudúró báyìí. Tí a bá ní kí èrò yẹn kọ ojú-ìwé kan péré, ta ni yóò kà á? Nítorí náà, kò sẹ́ni tó kọ ọ́.

Ohun tó dùn wá jù ni pé ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ló jẹ́ pé inú gbọ̀ngàn WAEC ni wọ́n ti kọ àròkọ ìkẹyìn nínú ayé wọn. Ẹ rò ó wò. WAEC ní tiẹ̀ ṣì máa ń ní kí ọmọ kọ àròkọ bí 450 ọ̀rọ̀, àádọ́ta máàkì sì wà fún un. Lẹ́yìn náà ni JAMB dé: ọgọ́ta ìbéèrè lórí Gẹ̀ẹ́sì, kò sí àròkọ kankan níbẹ̀, títẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Yunifásítì tún dé, títẹ̀ náà ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kọ lẹ́tà sí olórí ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀ nípa ọ̀nà tó bàjẹ́, ó parí síbẹ̀. Ó lè gba dìgírì méjì lẹ́yìn ìyẹn láìsí ẹni tó tún bi í léèrè pé kí ló ń rò.

Ká tó máa ba ọ̀rọ̀ lọ, ẹ jẹ́ ká jẹ́wọ́ tiwa, torí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kò mọ́ kì í fọwọ́ sọ́bẹ̀ ká dákẹ́. Àwa náà pawó lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí a wà ní ọdún kẹta, a kó gbogbo ìbéèrè àtijọ́ tí a rí, a sọ ọ́ di áàpù fóònù, a ń tà á fún àwọn ọmọ tuntun. Ó tà gan-an. Áàpù yẹn ló san owó ilé wa ní Òkè-Odò fún ọdún kan. Ọmọ á tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi mọ̀ pé tí ìbéèrè bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, C ni ìdáhùn ẹ̀. Àwọn oníbàárà wa yege. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A mọ̀ nígbà náà pé a ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. A kàn gé ọ̀nà kúrú fún wọn lọ sí ibi tí kò sí nǹkan ni. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń bú ètò yìí, ẹ mọ̀ pé a wà lára àwọn tó fi epo sí ẹ̀rọ ẹ̀.

Kí wá ló ṣí wa lójú? Ọ̀rọ̀ wàrà ni.

Ní sáà kejì ọdún kìíní, olùkọ́ tó yẹ kó kọ́ wa lọ sísinmi, wọ́n wá pín wa. Ẹ̀ka tiwa bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣì ń ka Másítà ẹ̀. Yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé-ìkàwé ni wọ́n fún un, a ò sì pé ọgbọ̀n tí à ń wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò kí wa púpọ̀. Ó ní ká mú bébà jáde, ká kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà, ká kọ ọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ó ní èdè tó bá wù wá ni ká fi kọ ọ́.

A rẹ́rìn-ín. Ìlọrin la wà, ta ni kò mọ wàrà? Àwọn kan nínú wa ti ń jẹ ẹ́ kí eyín wọn tó pé. Ká tó fojú pajú, a ti kọ ọ́ tán: ẹ gbé wàrà kaná, ẹ fi bọmubọmu sí i, tó bá dì, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìlà mẹ́ta. A fi lé e lọ́wọ́ bí ẹni tó sanwó ọkọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó dá ìwé wa padà. Kò sí máàkì lórí ẹ̀. Kò sí ìlà pupa. Ìbéèrè nìkan ló kún etí ìwé náà. Wàrà wo lẹ ní ká gbé kaná? Ṣé èyí tí a fẹ́ ṣe ni, àbí èyí tí a fẹ́ fi ṣe é? Ewé bọmubọmu ni àbí igi ẹ̀? Ṣé a máa gún un ni àbí a máa já a sínú ìkòkò bẹ́ẹ̀? Ìgbà tí mílíìkì bá tutù ni a ó fi sí i, àbí ìgbà tó bá ti gbóná? "Tó bá dì": báwo ni ẹni tí kò rí wàrà rí ṣe máa mọ̀ pé ó ti dì? Lẹ́yìn tí a bá sọ ọ́ kalẹ̀ ńkọ́, báwo ló ṣe ń di róbótó?

Ojú tì wá. Kì í ṣe torí pé Gẹ̀ẹ́sì wa tàbí Yorùbá wa ò dáa. Ojú tì wá torí pé a ò mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìdínlógún la ti ń jẹ wàrà, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Bí a ṣe gbéra lọ sí gáà nìyẹn, lójú ọ̀nà tó jáde sí ẹ̀yìn ìlú. Ìyá Fúlàní kan tó ń gbé wàrà wá sí Ọjà Ọba ló gbà wá lálejò. Ó wò wá títí, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, ẹ ò mọ wàrà?" Ó fi hàn wá. Iná kékeré ni, kò gbọdọ̀ pọ̀. Mílíìkì á lọ́ wọ́ọ́wọ́. Á fọ ewé bọmubọmu, á tẹ̀ ẹ́, á fún omi ẹ̀ sínú mílíìkì díẹ̀, á sẹ́ ẹ, kó tó dà á sínú ìkòkò. Á rò ó jẹ́jẹ́. Tí omi bá ti ń yà sọ́tọ̀, tí nǹkan funfun ń kó jọ sójú ẹ̀, kò ní rò ó mọ́. Apẹ̀rẹ̀ kéékèèké ló ń bù ú sí kí omi ẹ̀ lè ro dànù. Apẹ̀rẹ̀ yẹn ló ń sọ ọ́ di róbótó. A bi í pé ìṣẹ́jú mélòó ló ń gbà. Ó ní òun kì í wo aago, ojú òun ló ń sọ fún òun. Ẹ wo wàhálà! Báwo la ṣe máa kọ ojú ẹni sínú ìwé?

Ẹ̀ẹ̀mẹta la kọ wàrà yẹn. Nígbà tí a kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, olùkọ́ wa gbé tiwa fún ọmọ kíláàsì wa kan tó wá láti Calabar, ó ní kó kà á kó yàwòrán ohun tó bá yé e. Ọmọ náà ya ìkòkò, ó ya iná kékeré, ó ya apẹ̀rẹ̀. Ó ya ewé náà sínú apẹ̀rẹ̀. Ó ga o! A padà lọ wo ìwé wa, a rí i pé àwa la jẹ̀bi: gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí "ẹ kó o síbẹ̀" inú ẹ̀ lè jẹ́ ewé, ó sì lè jẹ́ wàrà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá ni sáà yẹn. Ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ojú-ìwé kan. Ohun tí a mọ̀ nípa ìkọ̀wé dòní, yàrá yẹn la ti rí i. Nígbà tí sáà parí, wọ́n dá gbogbo èrò padà sí gbọ̀ngàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn parí ìwé ẹ̀, ó lọ sí Kánádà.

Àwọn kan á ní ìyẹn dùn létí, ṣùgbọ́n kí ni wàrà ṣe pẹ̀lú iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe? A ó sọ fún yín.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan gbé iṣẹ́ fún wa. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo owó tí wọ́n ń dá wà nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n yé kọ ọ́ sínú ìwé tí èkúté ń jẹ. A ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́. Ní òru ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wa rí i pé àkọsílẹ̀ owó náà wà níbi méjì, ti àtijọ́ àti tuntun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó, oorun kùn ún, ó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó máa jí ṣiṣẹ́ láàárọ̀: "Old table handled." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun ti ń bójú tó o, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Ohun tí ẹnì kejì kà níbẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀ ti kó lọ sínú tuntun, pé ti àtijọ́ kò wúlò mọ́. Ó pa á rẹ́. Oṣù mẹ́jọ ìdáwó ló wà nínú ẹ̀. Ẹ̀dà tó yẹ ká ní sípamọ́, a ò tíì ṣètò ẹ̀ dáadáa. Ìyẹn, ẹ̀bi tiwa ni, a ò jiyàn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi jókòó sínú ọjà, tí à ń gba káàdì lọ́wọ́ ìyá kọ̀ọ̀kan, tí à ń tẹ̀ ẹ́ padà. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́, omi òjò ti ba káàdì tiẹ̀ jẹ́. Ó mú un dání, kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀yin náà lẹ ní ká má kọ ọ́ sínú ìwé mọ́." Ẹgbẹ́ náà fi ìwé òṣìṣẹ́ báńkì wọn àti ẹ̀rí àwọn tí wọ́n jọ ń dáwó pín in fún un. Àwa la san èyí tí kò bára mu.

Ẹ padà wá wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn. Kò sí àṣìṣe gírámà tó lè fa wàhálà níbẹ̀. Sípẹ́lì ẹ̀ pé. Tí ẹ bá gbé e sínú ìdánwò A, B, C, D, máàkì ni yóò gbà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ẹni tó máa kà á. Ẹni tó kọ ọ́ kò bi ara ẹ̀ pé, "Ẹni tó jí láàárọ̀, tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lóru, kí ni yóò rò pé mo ń sọ?" Ìbéèrè tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kọ sí etí ìwé wàrà wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú wa. Ẹ̀kọ́ sáà kan kì í tó, ó ń fẹ́ àtúnṣe lójoojúmọ́, bí ẹni ń pọ́n àdá.

Láti ìgbà náà, bí kóòdù kì í ṣe wọlé ní ọ́fíìsì wa láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á, bẹ́ẹ̀ ni ìwé kì í jáde láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á. Gbogbo ẹni tó ń kọ sọ́fíwíà láyé ló mọ èyí. Kò sẹ́ni tó ń di akọ́kóòdù nípa yíyan B. Ìwọ kọ ọ́, ó kọ̀, o tún un kọ, ẹni tó jù ọ́ lọ kà á, ó ní ibí yìí ò yé mi. Kí ló dé tí ìkọ̀wé nìkan fi jẹ́ ohun tí a lè kọ́ láìṣe é?

Ìyẹn ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà tì wá lójú gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìlọrin. Ìlú yìí kò dúró de yunifásítì kankan kó tó mọ̀wé. Kí òyìnbó tó débí ni ilé-kéwú ti wà. Ẹni tó bá dàgbà ní Òkè Málè tàbí Ìsàlẹ̀ Kòtò mọ wàlàá. Ọmọ á kọ ọ́ sórí pákó, á gbé e lọ síwájú àáfà, àáfà á kà á, á fọwọ́ tọ́ka síbi tó wọ́. Ọmọ á fọ̀ ọ́, á tún un kọ. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló ń dà kọ, àwọn àáfà mìíràn sì ń fi ẹgba ṣe àlàyé. A ò fẹ́ ṣe bí ẹni pé párádísè ni. Ṣùgbọ́n ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní wàlàá tirẹ̀, ojú àáfà sì ń kan wàlàá kọ̀ọ̀kan. Inú irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni Sheikh Ādam Abdullāh al-Ilọri ti jáde, ẹni tó dá Markaz sílẹ̀ ní 1952, tó kọ ìwé lóríṣìíríṣìí ní èdè Lárúbáwá. Àgbà kan tó jókòó sórí ẹní ní Ìlọrin ń ṣe ohun tí yunifásítì tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà sọ pé kò ṣeé ṣe.

Wọ́n á ní èrò pọ̀ jù. A gbọ́. A kì í ṣe ọmọdé, a mọ̀ pé 20 ènìyàn ní kíláàsì kan kò lè ṣeé ṣe níbí lọ́la. Ṣùgbọ́n láàárín 20 àti gbọ̀ngàn tó kún bí ọjà, ọ̀pọ̀ nọ́ńbà ló wà. Àwọn tó ń ka Másítà àti PhD ní ẹ̀ka èdè kò níṣẹ́. Ẹ fún wọn ní ọmọ ogójì-ogójì, kí ẹ sì sanwó fún wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ méjì ka ìwé ara wọn kó tó dé ọwọ́ olùkọ́, ìbéèrè "kí lo ní lọ́kàn níbí?" kò nílò dìgírì. Owó wà láti kọ́ gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà, owó wà láti fi ẹ̀rọ tútù sí i. Nígbà tó bá kan ẹni tó máa ka ìwé ọmọ, ni wọ́n á ní kò sówó. Ohun tó rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni wọ́n yàn jàre, kì í ṣe ohun tó ṣeé ṣe.

Wọ́n tún máa ń ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n máa fi gbà yín síṣẹ́. Ta ló jiyàn? Àwa tí à ń wí yìí, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé sí àwọn oníbàárà wa ní Jámánì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nínú yàrá wàrà yẹn, àwọn tó kọ́kọ́ fi Yorùbá kọ tiwọn ló tètè rí ihò inú ẹ̀, torí wọn ò ní Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí wọ́n máa fi bo ihò náà. Ẹni tó bá lè to èrò ẹ̀ ní èdè tó fi ń lálàá, ó lè gbé e lọ sí èdè míràn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọ̀rọ̀ yìí ní Ifẹ̀ láti 1970: wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè abínibí tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n ní ó wà lára ohun tó ń mú àwọn ọmọ fìdí rẹmi nínú WAEC àti JAMB. Ọdún mẹ́ta péré! Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ni kò tilẹ̀ rí ìwé kan gbà tí wọ́n máa fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ṣùgbọ́n èdè ìyá wa ló jẹ̀bi.

Èyí tó tuntun jù ni àwọn tó ń sọ fún wa pé kò pọn dandan mọ́, pé ẹ̀rọ á bá wa kọ ọ́. Iṣẹ́ wa nìyẹn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí a rí. À ń lo ẹ̀rọ yẹn lójoojúmọ́. Tí ẹ bá ní kó kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe wàrà, á kọ ọ́ fún yín ní ìṣẹ́jú àáyá, á dùn ún kà, ẹ ò sì ní lọ sí gáà. Ìyá yẹn ò ní rí yín, ẹ ò ní mọ̀ pé ẹ ò mọ̀. Ẹni tó ti kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta fúnra ẹ̀ lè wo ohun tí ẹ̀rọ kọ, kó sọ pé ibí yìí irọ́ ni, ibí yìí kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí kò kọ ọ́ rí, kí ni yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò? Ìdánwò A, B, C, D ni ẹ̀rọ yẹn yege jù ní gbogbo ìdánwò tó wà láyé. Tí ohun tí à ń kọ́ ọmọ bá jẹ́ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe láìwo ẹ̀yìn, a jẹ́ pé a ti ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ ẹlòmíràn nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ kù díẹ̀, fún àwa tí à ń kọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A fẹ́ràn àmì ohùn. Ó yẹ ká fẹ́ràn ẹ̀: àròkọ yàtọ̀ sí àrokò, ẹni tó bá sì ti jà pẹ̀lú kíbọọ̀dù mọ̀ pé "ẹ́" kò tilẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú Unicode, àmì la máa ń gbé lé "ẹ" lórí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi òótọ́ bá ara wa sọ̀rọ̀. Tí ẹnì kan bá gbé iṣẹ́ ẹ̀ síta láàárín wa, àmì ni a máa ń yẹ̀ wò. A ó ní, "O gbàgbé àmì lórí ìlà kẹta." Kò sẹ́ni tó ní, "Ìlà kẹta yìí kò yé mi." Gbọ̀ngàn yẹn ló ṣì wà nínú wa. A fi àmì rọ́pò ìkọ̀wé bí wọ́n ṣe fi gírámà rọ́pò ẹ̀. Àwọn baba wa tó ń fi àrokò ránṣẹ́ kò ní lẹ́tà kankan, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó so owó ẹyọ mọ́ra, wọ́n á kọ́kọ́ ro ẹni tó máa gbà á.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Ojú-ìwé kan lọ́sẹ̀. Kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara kà á, kó bi ọmọ ní ìbéèrè, kí ọmọ tún un kọ. Kí ọ̀kan ó kéré tán jẹ́ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé ẹ̀. Kí wọ́n fún àtúnkọ ní máàkì ju àkọ́kọ́ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi A, B, C, D kún un, kó fi kún un, a ò bínú.

Áàpù tí à ń tà yẹn, a ti yọ ọ́ kúrò. Dípò ẹ̀, láti ọdún tó kọjá, a ń ṣí ọ́fíìsì wa sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé láti aago mẹ́wàá fún àwọn ọmọ ọdún kìíní tó ń gbé ní àdúgbò. Kì í ṣe nǹkan ńlá: bẹ́ǹṣì méjì, bébà, bíró, a sì máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ká lè gbọ́ra. Àwọn mọ́kànlá ló wá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọkùnrin kan kọ bí ènìyàn ṣe lè gun Òkè Sóbì, ó kọ ọ́ dáadáa, àwàdà pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í kà á, ó ní, "Ó dáa, ṣùgbọ́n ibo ni ọ̀nà tí a máa gbà gòkè yẹn ti bẹ̀rẹ̀ gan-an?" Ọmọ náà wo ìwé ẹ̀, ó wo àjà, ó wá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ò gun òkè náà rí, ẹnu ẹ̀gbọ́n òun lòún ti gbọ́ ọ. Ó ká ìwé náà sápò, ó ní òun máa lọ wò ó lọ́jọ́ Sọ́ńdè.